Irin Kì Í Gbàgbé Ìyà Tí A Fi Jẹ Ẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lóṣù yìí ti òkèèrè wá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fọwọ́ kan irin rí yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tiwa ni. Ọ̀rọ̀ páìpù ni, páìpù inú àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń fi agbára átọ́míìkì ṣe iná mànàmáná. Àwa kò ní irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Faransé, ìléru átọ́míìkì 56 ni wọ́n ní ní 2021, àwọn ló sì ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú iná ìlú náà.

Ní ìparí ọdún 2021 yẹn, wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò ọlọ́dún mẹ́wàá ní Civaux. Wọ́n rí i pé páìpù kan ti ń sán láti inú, lẹ́bàá ibi tí wẹ́dà ti jó o pọ̀. Páìpù náà kì í ṣe páìpù yẹpẹrẹ. Òun ni wọn yóò fi rọ omi sínú ìléru bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, kí ooru má baà yọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Irin stainless ni, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí irin tí kì í dípata. EDF tó ni àwọn ìléru náà dá Civaux dúró, ó sì dá àwọn mìíràn tó jọ ọ́ dúró pẹ̀lú. Nígbà tó fi di oṣù Karùn-ún 2022, ìléru 12 ló ti dákẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Faransé tó máa ń ta iná fún àwọn aládùúgbò rẹ̀ di ẹni tó ń ra iná lọ́dún náà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti bí ogójì ọdún.

Báwo ni irin tí kì í dípata ṣe ń sán? Ohun mẹ́ta ló ń pàdé: irin tí iṣẹ́ tàbí iná wẹ́dà ti yí padà, omi gbígbóná tó ń jẹ ẹ́, àti agbára tó ń fà á. Bí ààrò mẹ́ta ṣe ń gbé ìkòkò dúró ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbé ibi yìí ró. Yọ ọ̀kan, ìkòkò a dà nù. Ojú sísán náà tín-ín-rín bí irun orí, kì í pariwo, ẹ̀yìn páìpù a sì máa dán gbinrin.

Kì í ṣe ohun tuntun. Ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Kìíní 1975, wọ́n rí irú rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Dresden. Ooru iná wẹ́dà ló ti fa krómíọ̀mù tó ń dáàbò bo irin kúrò lẹ́bàá ojú ìsopọ̀. NRC, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ átọ́míìkì níbẹ̀, pàṣẹ pé kí ìléru 23 dúró fún àyẹ̀wò láàárín ogúnjọ́. Wọn kò ní kí á dúró wò ó títí yóò fi bẹ́.

Ṣùgbọ́n èyí tó yẹ kí òṣìṣẹ́ kọ́gbọ́n nínú rẹ̀ jù ni ti Penly, ní Faransé. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wo bí páìpù kan níbẹ̀ ṣe gba ọ̀nà rẹ̀, wọ́n ní kò sí nínú ewu. Ní oṣù Kẹta 2023, aráyé gbọ́ pé páìpù náà gan-an ti sán. Ojú sísán náà gùn tó mílímítà 155, ó sì jìn tó mílímítà 23, nínú irin tí kò nípọn ju mílímítà 27 lọ. Mílímítà mẹ́rin péré ló kù. ASN, àjọ tó ń ṣọ́ wọn nígbà náà, ṣàlàyé pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n tún ojú ìsopọ̀ yẹn jó nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé-iṣẹ́ náà. Irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ lè yí irin padà, kó sì fi agbára ìfà pamọ́ sínú rẹ̀. Ní 1990 ni ìléru náà bẹ̀rẹ̀ sí í mú iná wá. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún kí ọ̀rọ̀ tó jáde.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rò ó wò. Àwòrán iṣẹ́ ní kò séwu. Ìtàn ọwọ́ tó ṣiṣẹ́ ní ewu wà. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹni tó sì kọ́kọ́ mọ ibi tí ògiri ti fẹ́ lanu ni wẹ́dà àti fítà tó wà nídìí iṣẹ́, kì í ṣe ọ̀gá tó jókòó sí ọ́fíìsì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀, àwọn náà ni wọ́n sáré wá: wẹ́dà Faransé kò tó, EDF ní láti kó bí ọgọ́rùn-ún wá láti Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ní oṣù Kẹwàá 2022, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí sì daṣẹ́ sílẹ̀ kí owó wọn tó gbé pẹ́ẹ́lí.

Nílé wa ńkọ́? Omi gbígbóná tó ní iyọ̀ nínú lè mú páìpù stainless sán ní ilé ọtí àti ní ilé oúnjẹ. Ṣáásì bọ́ọ̀sì tí wọ́n fi tipátipá jó pọ̀ kì í sì í gbàgbé. Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni ẹgbẹ́ wa ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá. Èkíní, kí wọ́n má ka àkókò àyẹ̀wò sí àkókò tó ṣòfò, kí wọ́n má sì yọ ọ́ kúrò nínú bónọ́ọ̀sì ẹnikẹ́ni. Èkejì, bí òṣìṣẹ́ bá ní ojú ìsopọ̀ kan kò bára mu, kí wọ́n gbọ́ tirẹ̀ láìfún un ní kúẹ́rì. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n kọ gbogbo àtúnṣe sínú ìwé, kí wọ́n sì tọ́jú ìwé náà níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ náà bá wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ̀yin náà, bí fọ́ọ̀mánù bá ní kí ẹ fi òòlù lù ú títí yóò fi wọlé, ẹ sọ̀rọ̀ sókè, kí ẹ sì pe aṣojú ẹgbẹ́. Ìṣọ̀kan òṣìṣẹ́ ni agbára òṣìṣẹ́.