Irun orí obìnrin tó ń dín kù: Ìwòsàn tó dáa jù ò sí lórí àtẹ

Ẹni tó bá gba ọjà Bálógun kọjá l'Ékòó tàbí Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn yóò rí i pé díẹ̀ ni ohun tí wọn kì í tà fún irun obìnrin. Wíìgì wà níbẹ̀, atáṣímẹ́ǹtì wà níbẹ̀, rìlásà ń bẹ, jẹ́ẹ̀lì ń bẹ, gúlúù tí wọ́n fi ń lẹ wíìgì mọ́ iwájú orí náà ń bẹ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn gan-an ni wọ́n pàtẹ òróró tí wọ́n ní ó ń hu irun sí, pẹ̀lú ìpara, ọṣẹ àti fítámì tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé irun tó ti lọ yóò padà wá. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò fura sí ni pé ọjà kan náà ló ń ta ohun tó lè fa irun tu, òun náà ló tún ń ta ohun tí wọ́n fi ń wá irun ọ̀hún padà. Ẹ̀ẹ̀mejì lowó ń jáde, àpò obìnrin kan náà ló sì ti ń jáde.

Kì í ṣe gbogbo irun tó bá já ló yẹ kó dẹ́rù bani. Orí tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè já irun bíi 50 sí 100 lójúmọ́, tí òmíràn yóò sì hù dípò rẹ̀. Ohun tó yẹ kó kọni lóminú ni kí awọ orí bẹ̀rẹ̀ sí í hàn níbi tí irun bò tẹ́lẹ̀, kí iwájú orí àti ẹ̀bátí máa gbòòrò sí i, tàbí kí àárín orí máa dán díẹ̀díẹ̀.

Ohun tó ń fa èyí pọ̀. Ìyálọ́mọ lè rí i pé lẹ́yìn oṣù méjì sí mẹ́rin tó bímọ, irun ń bá kóòmù jáde lápọ̀jù. Lọ́pọ̀ ìgbà, kí ọmọ náà tó ṣe ọjọ́ ìbí àkọ́kọ́, irun ìyá rẹ̀ ti padà sípò. Ibà líle, iṣẹ́ abẹ, àìjẹunre-kánú àti ìdààmú ọkàn lè fa irú èyí pẹ̀lú. Bákan náà ni àìtó ẹ̀jẹ̀, pàápàá fún obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ máa ń pọ̀, àti àìsàn ẹ̀yà ara kan tó wà lọ́rùn tí àwọn dókítà ń pè ní thyroid. Làpálàpá náà ń pa irun. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé àjogúnbá ni, tí irun àárín orí wọn ń tín-ín-rín bí ọjọ́ orí wọn ṣe ń pọ̀ sí i.

Àmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan òwò jù lọ ni èyí tó jẹ́ àfọwọ́fà. Bí wọ́n bá ń fa irun nígbà gbogbo, yálà pẹ̀lú dídì tó le, atáṣímẹ́ǹtì tó wúwo, wífọ̀n tí wọ́n rán mọ́ orí tàbí rọ́bà wíìgì tó fún iwájú orí pinpin, gbòǹgbò irun á bẹ̀rẹ̀ sí í jìyà. Orí á máa ta, wóro kéékèèké á yọ sí ẹ̀bátí, irun á sì máa já níwájú. Bí wọ́n bá tètè dẹ ọwọ́ lásìkò yìí, irun náà ṣì lè hù padà. Bí wọ́n bá ń bá a lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ihò tí irun ń gbà hù á di àpá. Ibi tó bá sì ti di àpá, kò sí òróró tó lè hu irun níbẹ̀ mọ́.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ èèyàn méjì mẹ́ta. Nínú ìwádìí kan tí Nonhlanhla Khumalo, onímọ̀ nípa àrùn awọ ara ní Yunifásítì Cape Town lórílẹ̀-èdè South Africa, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2007, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn àgbàlagbà obìnrin tí wọ́n yẹ orí wọn wò ló ti ní ìpalára irú èyí. Àwọn tó wà nínú ewu jù ni àwọn tó fi rìlásà sírun, tí wọ́n tún wá dì í tàbí tí wọ́n rán wífọ̀n mọ́ ọn. Rìlásà ti sọ irun di ahẹrẹpẹ, dídì wá ń fà á.

Kí ló wá dé tí obìnrin fi ń jókòó síwájú onídìrí, tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀, tí kò sì ní kí wọ́n dẹ ọwọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní ìgbéraga tàbí fáàrí ni. Ìdí mìíràn tó lágbára ni owó. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ fún onídìrí ni pé, "Jọ̀ọ́, dì í kó le dáadáa, kó lè pẹ́." Irun tí wọ́n dì le kì í tètè tú, ẹni tí irun rẹ̀ kò bá sì tètè tú kò ní tètè padà lọ náwó. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba Nàìjíríà ti yí ètò pàṣípààrọ̀ owó padà, dọ́là kan tó wà ní nǹkan bíi ₦460 kí wọ́n tó yí i ti kọjá ₦1,500 lọ́dún 2024. Ọ̀pọ̀ wíìgì àti irun títà ló sì ń ti òkè òkun wọlé, pàápàá láti ilẹ̀ Ṣáínà, níbi tí ìlú Xuchang ti jẹ́ ọ̀kan lára ojúkò òwò irun tó tóbi jù lọ láyé. Bí owó ọjà bá ti gun òkè, obìnrin tí kò fẹ́ kí orí òun rí wúruwùru láàárín ẹgbẹ́ á wá ọ̀nà tí irun kan yóò fi pẹ́ fún oṣù méjì, oṣù mẹ́ta.

Onídìrí náà kì í ṣe ìkà. Iye orí tó bá ṣe ló ń gbowó lé, kì í ṣe iye wákàtí tó fi jókòó. Bí irun tó dì bá tú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, oníbàárà á ní ọwọ́ rẹ̀ kò dáa, á sì gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ. Nítorí náà, líle ni wọ́n fi ń mọ onídìrí tó mọṣẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣirò ti ń ṣini lọ́nà.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú òwò wò ó, àpẹẹrẹ lásán ni o. Ká ní obìnrin kan ń ná ₦10,000 sórí irun lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ₦120,000 nìyẹn lọ́dún. Bí iwájú orí rẹ̀ bá wá ṣí, ká ní ó ra wíìgì ₦80,000 láti fi bò ó, tó sì ń ra òróró ₦7,500 lóṣooṣù láti fi hu ú. ₦170,000 mìíràn ti bá a lọ láàárín ọdún kan, irun náà sì lè má padà. Ohun tó rò pé òun ń ṣọ́ jẹ nídìí dídì le ti kó gbèsè bá a. Onídìrí rẹ̀ náà ti pàdánù, nítorí ẹni tí iwájú orí rẹ̀ ti pá kì í fẹ́ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù níbi tí gbogbo èèyàn yóò ti rí i.

Àwọn àgbà ló ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Nídìí òróró àti fítámì irun, bọ́rọ̀ ṣe rí nìyẹn. Nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára ọjà ṣe pàtàkì, ẹni tó bá ń ra ohun tí kò ní in ń fi ara rẹ̀ wewu. Ṣùgbọ́n ohun tí nọ́ńbà náà ń sọ ni pé àjọ ọ̀hún ti forúkọ ọjà náà sílẹ̀, kò ṣèlérí pé irun yóò hù lórí gbogbo ẹni tó bá rà á. Fítámì tí wọ́n ń pè ní biotin, tí wọ́n ń tà káàkiri fún irun, kò ní ẹ̀rí tó dúró ṣinṣin lẹ́yìn fún ẹni tí fítámì náà kò dín lára rẹ̀. Lọ́dún 2017, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé ó lè mú kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan gbé èsì tí kì í ṣe òótọ́ jáde, títí kan èyí tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọkàn èèyàn ti ní ìpalára.

Oògùn gidi tiẹ̀ wà. Minoxidil, tó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ni wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1988 fún fífi pa orí ọkùnrin tí irun rẹ̀ ń lọ, wọ́n sì wá fọwọ́ sí i fún obìnrin lẹ́yìn náà. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ àwọn tí tiwọn jẹ́ àjogúnbá. Àmọ́ oṣù mélòó kan ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi lò ó kí wọ́n tó rí àyípadà, bí wọ́n bá sì dáwọ́ dúró, irun náà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Kò yẹ kí aláboyún tàbí ìyálọ́mọ tó ń fún ọmọ lọ́yàn fọwọ́ kàn án. Ibi tó ti di àpá, òun náà kò lè ta á jí.

Ìwòsàn tó dáa jù fún irun tí fífà ń ṣe níjàǹbá kò sí lórí àtẹ, nítorí kò sí èrè tí ẹnikẹ́ni lè jẹ lórí rẹ̀. Òun náà ni kí wọ́n dẹ ọwọ́. Bí irun bá ń dunni nígbà tí wọ́n ń dì í, ó ti le jù nìyẹn, kò sì sí ìdí láti fara dà á. Kí wọ́n má ṣe dì í lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi rìlásà sí i. Kí dídì máa tóbi díẹ̀, kí atáṣímẹ́ǹtì má wúwo, kó má sì pẹ́ ju oṣù méjì lọ lórí. Bí wọ́n bá tú u, kí orí sinmi kí wọ́n tó tún dì í. Kí àwọn ìyá má sì gbàgbé orí àwọn ọmọdébìnrin tó ń dirun ilé ìwé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìjàǹbá yìí ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí tirẹ̀ kò bá jẹ mọ́ dídì, tàbí tí àárín orí rẹ̀ ń ta tó sì ń dán, kí ó lọ rí dókítà awọ ara kó tó náwó sórí òróró. Irú wọn wà ní ilé ìwòsàn ńlá bíi LUTH ní Ìdí-Àràbà àti UCH n'Ìbàdàn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo lè fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ni kò tó lára obìnrin tó ti ń fi òróró pa orí láti ọdún mẹ́ta.

Kò sẹ́ni tó ń sọ pé kí obìnrin Yorùbá jáwọ́ nínú sùkú, kòlẹ́sẹ̀ tàbí ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Irun kíkó pẹ̀lú òwú pàápàá ń fa irun tu bí ọwọ́ bá le jù. Ọwọ́ ni ká tún ṣe, kì í ṣe orúkọ irun.

Ẹgbẹ́ àwọn onídìrí ló sì lè tún un ṣe jù. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń ṣe fúrídọ́ọ̀mù fún àwọn ọmọ iṣẹ́, tí ìjó àti àsè ń lọ, tí wọ́n sì ń gba ìwé ẹ̀rí. Ó yẹ kí ọmọ iṣẹ́ mọ bí iwájú orí tó fẹ́ ṣí ṣe máa ń rí kó tó gba ìwé náà, kó sì lè sọ fún oníbàárà láìtijú. Owó ń bẹ nínú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Irun orí tirẹ̀ tó ń já ló sún Sarah Breedlove, ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1867, dé ìdí òwò irun, tó fi di Madam C. J. Walker. Kì í ṣe ìpara nìkan ló ń tà. Ó kọ́ àwọn obìnrin tó ń bá a tà á bí wọ́n ṣe ń fọ orí àti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Nígbà tó fi máa kú ní 1919, ó ti wà lára àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tó lówó jù lọ ní Amẹ́ríkà.

Onídìrí tó bá sọ fún oníbàárà lónìí pé, "Àǹtí, iwájú yín ti ń ṣí, ẹ jẹ́ kó sinmi," lè pàdánù ₦10,000 lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n orí tó ṣì ní irun ni yóò padà wá jókòó síwájú rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, àti lọ́dún tó ń bọ̀.