Ẹsẹ̀ Ọmọ Rọ Lẹ́yìn Abẹ́rẹ́ Ìdí? Ẹ Yé Pè É Ní Ọwọ́ Ayé

Tí ibà bá ti mú ọmọ nílùú Ìwó níbí, ohun tí ọ̀pọ̀ òbí máa ń sọ ni pé, "Ẹ fún un lábẹ́rẹ́ kó lè tètè ṣiṣẹ́." Ìdí sì ni wọ́n sábà máa ń gún un sí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń dìde lọ ṣeré lẹ́yìn rẹ̀. Àmọ́ àwọn kan wà tí ẹsẹ̀ wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, tí àwọn ará ilé á sì máa wá ẹni tó sà sí i. Èrò tèmi ni pé ká fi ìyá arúgbó àdúgbò sílẹ̀. Tó bá jẹ́ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ló bẹ̀rẹ̀, abẹ́rẹ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ fura sí.

Nerve ni okùn tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí iṣan. Èyí tó tóbi jù nínú ara, sciatic, inú ìdí ló gbà kọjá lọ sí ẹsẹ̀. Níbi tí nerve ti pàdé iṣan, ó máa ń tú kẹ́míkà kan jáde, acetylcholine lorúkọ rẹ̀. Kẹ́míkà yìí ló ń ṣí àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké tó wà lára iṣan, tá à ń pè ní receptor. Tí wọ́n bá ṣí, iṣan á sún kì, ẹsẹ̀ á gbé.

Àwọn ilẹ̀kùn yìí kì í wà títí o. Iṣan máa ń wó ti àtijọ́, á fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Nínú iṣan tí nerve rẹ̀ pé, ó ń gbà tó nǹkan bí ọjọ́ 10 kí ìdajì wọn tó lọ. Tí nerve bá já, àwọn tuntun tí iṣan ń ṣe kì í lálòpẹ́ mọ́: láàárín bí ọjọ́ 1, ìdajì wọn ti lọ. Iṣan á tún máa ṣe wọn lọ́pọ̀ yanturu, á fọ́n wọn káàkiri ara rẹ̀. Ẹ fojú inú wo ilé tí wọ́n ń dá ilẹ̀kùn sí gbogbo ara ògiri, torí pé àlejò tí wọ́n ń retí ò wá mọ́.

Lọ́dún 1972, Lømo àti Rosenthal fi iná mànàmáná díẹ̀ mú kí iṣan èkúté tí nerve rẹ̀ ti já máa ṣiṣẹ́, ìfọ́nká yẹn sì rọlẹ̀. Ìyẹn ni pé iṣẹ́ tí nerve ń fún iṣan ṣe wà lára ohun tó ń tọ́jú ilẹ̀kùn náà.

Ọ̀rọ̀ yìí lè pààyàn. Suxamethonium, oògùn tí wọ́n fi ń mú iṣan rọ nígbà iṣẹ́ abẹ, àwọn ilẹ̀kùn yìí kan náà ló ń ṣí. Tí wọ́n bá ti fọ́n káàkiri, potassium á ya sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn sì lè dáwọ́ dúró. Ẹni tí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ rẹ̀ bá rọ gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kí wọ́n tó fi oògùn sun ún.

Ẹnì kan á ní, "Ṣebí ìdí ni wọ́n gún àwa náà sí, kí ló ṣe wá?" Òótọ́ ni. Àmọ́ ìdí ọmọ tó rù kéré, ọmọ á máa jà, nerve náà ò sì jìnnà. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá sọ pé tó bá di dandan kí wọ́n gún ọmọ tí ibà ti wọ̀ lára gan-an sínú iṣan, iwájú itan ni kó jẹ́, kì í ṣe ìdí. Ibà tí ọmọ ṣì lè gbé oògùn mì, kí ni abẹ́rẹ́ ń wá níbẹ̀?

Tó bá ti ṣẹlẹ̀, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé ọmọ lọ lọ́jọ́ náà. Nerve tó bá máa hù padà kì í ju nǹkan bíi mìlímítà 1 lọ lójúmọ́, torí náà oṣù púpọ̀ ni láti ìdí dé ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí physiotherapist máa na ẹsẹ̀ náà kó má bàa gan. Tí nerve bá padà dé ọ̀dọ̀ iṣan, ilẹ̀kùn á tún kóra jọ sójú kan, á sì tún máa pẹ́.

Lọ́jọ́ míì tẹ́ ẹ bá gbé ọmọ dé kẹ́míìsì, ẹ kọ́kọ́ béèrè: "Ṣé kò sí oníhóró ni?"