Búrẹ́dì Tó Hùkàsì

Ẹ kà: Jóṣúà 9:3–27, Máàkù 1:40–45

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kan gbogbo wa tí a ní fóònù lọ́wọ́, ó sì kan èmi tí mo ń kọ ọ́. Ó dá lórí ìpolówó ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, pàápàá jù lọ ìpolówó oògùn tí wọ́n ní kò sí àrùn tí kò lè wò, àti ìdí tí àwa tí a ń pe ara wa ní ọlọ́gbọ́n fi ń gbà á gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí dókítà ti sọ fún mi pé mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Oògùn méjì ni mò ń lò láràárọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí irú oògùn bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ó máa ń sú ènìyàn, owó rẹ̀ sì ń lé sí i lójoojúmọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní ọdún 2023, mo kúnlẹ̀, mo ní kí Olúwa gbà mí lọ́wọ́ oògùn lílò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí mo ṣí Facebook, ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni fídíò ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun bíi ti dókítà. Ó ní ìgò mẹ́ta péré, ọjọ́ mọ́kànlélógún péré, ẹ̀jẹ̀ ríru yóò di ohun ìgbàgbé. Àwọn ènìyàn ń jẹ́rìí lábẹ́ rẹ̀ lọ rẹrẹẹrẹ. Wọ́n ní ó ku ìgò mọ́kànlá péré. Mo ní, “Olúwa, ẹ mà tètè dáhùn o!” Ọlọ́kadà gbé e dé ilé mi lọ́jọ́ kejì, mo sì ka owó fún un.

Mo pa oògùn dókítà tì. Èyí tó burú jù ni pé kí n tó mọ̀ bóyá àgbo náà ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́, mo ti fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ WhatsApp ìjọ wa. Ìyá àgbà kan, tí ó máa ń pè mí ní Alàgbà, tí kì í sì í ṣiyèméjì sí ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu mi jáde, ra tirẹ̀, òun náà sì pa oògùn tì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ṣe kòńgẹ́ nọ́ọ̀sì kan tó yẹ ìfúnpá mi wò: 190 lórí 110. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n dá mi padà sídìí oògùn mi. Kò sí ẹni tó yẹ ti Ìyá wò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kọ̀ láti gbé. Rọpárọsẹ̀ ti dé. Ó wà láàyè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n títí di òní yìí kò lè fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bu òkèlè. Kò bá mi wí rí. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè pé: kí ló dé tí mo fi gbà á gbọ́? Inú ìwé Jóṣúà orí kẹsàn-án ni mo ti rí ìdáhùn.

Ẹ rántí ìtàn àwọn ará Gíbéónì. Tòsí Ísírẹ́lì ni ìlú wọn wà, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn réré wá. Wọ́n wọ aṣọ àkísà àti bàtà alábùlẹ̀, wọ́n gbé awọ wáìnì tó ti ya, wọ́n sì kó búrẹ́dì tó ti gbẹ, tó ti hùkàsì dání. Ẹ má ṣe rò pé àwọn ọmọ Ísírẹ́lì gò. Wọ́n kọ́kọ́ ṣiyèméjì, wọ́n sì bèèrè bóyá àárín wọn níbẹ̀ ni àwọn àlejò náà ń gbé. Ohun tó mú wọn gbàgbọ́ ni ẹ̀rí tí wọ́n fi ojú ara wọn rí. Wọ́n tilẹ̀ gbà nínú oúnjẹ náà. Ohun kan ṣoṣo tí wọn kò ṣe ni pé wọn kò bèèrè lọ́wọ́ Olúwa.

Ẹ gbọ́ ná o. Búrẹ́dì náà hùkàsì lóòótọ́. Irọ́ kò sí lára búrẹ́dì, inú ìtàn tí wọ́n sọ mọ́ ọn ni irọ́ wà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìpolówó tí mò ń wí. Àwòrán ẹsẹ̀ tó wú àti ẹsẹ̀ tó ti fà lè jẹ́ àwòrán tòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló sọ fún wa pé ẹsẹ̀ ẹnì kan náà ni, tàbí pé oògùn inú ìgò yẹn ló wò ó? Ní báyìí, kọ̀ǹpútà lè mú ojú àti ohùn gbajúmọ̀ dókítà tàbí agbóhùnsáfẹ́fẹ́, kí ó fi polówó ohun tí ẹni náà kò gbọ́ rí.

Ìdí mẹ́rin ni mo rí tí a fi ń jẹ búrẹ́dì yìí.

Èkínní, ó ń bá ohun tó ń dùn wá pàdé. Àwọn bàbá wa bọ̀, wọ́n ní ohun tó bá ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ẹni tó ń ta gbogboǹṣe nínú mọ́tò nígbà kan, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ fún gbogbo èrò: jẹ̀díjẹ̀dí, ibà, ara ríro, àìrọ́mọbí. Kò mọ ẹni tí èwo ń ṣe. Ti fóònù yàtọ̀. Owó ìpolówó ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó tó ń wọlé fún àwọn iléeṣẹ́ bíi Google àti Facebook, ohun tí ènìyàn sì ń wò àti ohun tó ń wá ni wọ́n fi ń mọ ìpolówó tí wọn yóò gbé síwájú rẹ̀. Nígbà tí mo ronú padà, mo rántí pé fún odidi ọ̀sẹ̀ kan kí n tó gba àdúrà yẹn ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru lórí fóònù. Ohun tí mo pè ní ìdáhùn àdúrà, ẹ̀rọ ló gbé e wá. Ẹ̀yin ará, kì í ṣe gbogbo ohun tó bá bá àdúrà wa ṣe kòńgẹ́ ni ó ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá.

Èkejì, ó ń ṣèlérí òpin. Dókítà sọ òtítọ́ fún mi pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ń kó àrùn náà níjàánu ni, àti pé ó ṣeé ṣe kí n máa lò ó títí ayé. Ọkùnrin inú fídíò ní ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ẹni tó ti rẹ̀, èwo ni yóò fẹ́ gbọ́? Ó tún wá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun ènìyàn. Nígbà tí mo pa oògùn tì, ara mi yá gágá, mo sì rò pé àgbo ló ń ṣiṣẹ́, láìmọ̀ pé ìfúnpá ń gòkè lọ nínú iṣan mi.

Ẹ̀kẹta, a kì í ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò tán. Bí a bá ti rí nọ́ńbà NAFDAC, ọkàn wa balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ara ọ̀pọ̀ ìgò àgbo dáadáa, ẹ óò rí gbólóhùn kan ní lẹ́tà wínníwínní tó ń sọ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní àgbo náà ń wò wò. Ara ìgò tèmi ni mo ti rí i, lẹ́yìn tí nǹkan ti bàjẹ́. Nọ́ńbà wà níbẹ̀, àmọ́ kò sí ẹni tó ṣèlérí fún mi pé yóò wo ẹ̀jẹ̀ ríru, àfi ẹni tó ń gba owó.

Ẹ̀kẹrin, èyí sì ni kí àwa ọmọ ìjọ fi etí sí dáadáa: a ti kọ́ etí wa láti máa gba ẹ̀rí gbọ́ láìbèèrè. Ẹnì kan yóò dìde, yóò ní àrùn ọdún mẹ́tàdínlógún lọ ní alẹ́ ọjọ́ kan, a óò pariwo Halelúyà, kò sì sẹ́ni tí yóò bi í pé kí ni àyẹ̀wò sọ. Bí ìpolówó bá wá gbé irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ wá, etí wa ti mọ orin rẹ̀. A gbàgbé pé ẹni tí oògùn kò wò kì í sábà wá kọ̀wé sábẹ́ fídíò, ẹni tí ó sì pa kò lè kọ ọ́ mọ́.

Bákan náà ni ti owó. Ní ọdún 2016, MMM ṣèlérí èlé 30 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù kan, kí ó tó ti ìlẹ̀kùn owó mọ́ àwọn ènìyàn ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ẹkún kan náà ni àwọn tó kówó sí CBEX sun, nígbà tí wọn kò rí owó wọn gbà mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé ẹnu ọ̀rẹ́, ẹbí tàbí ará ìjọ ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Ẹní ń wá ìfà ń wá òfò. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ fi òwe yìí na ẹni tó ti ṣubú, nítorí ebi àti àárẹ̀ ló ń lé ọ̀pọ̀ wa débẹ̀, kì í ṣe ojúkòkòrò nìkan.

Ẹnì kan lè sọ pé, “Ṣé Ọlọ́run kò ń wo àrùn sàn mọ́ ni?” Ó ń wò ó! Ṣùgbọ́n ẹ wo bí Jésù ṣe ṣe é nínú Máàkù orí kìíní. Ó wo adẹ́tẹ̀ kan sàn. Lẹ́yìn náà, ó kìlọ̀ fún un pé kí ó má ṣe pariwo rẹ̀ kiri, ó sì ní kí ó lọ fi ara rẹ̀ han àlùfáà, nítorí àlùfáà ni Òfin yàn láti yẹ irú ara bẹ́ẹ̀ wò. Ẹ ò rí i bí? Oníwòsàn tòótọ́ kò sá fún àyẹ̀wò, kò sì fi ariwo ta ọjà. Ìwòsàn tó bá wá láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run lè dúró níwájú ẹ̀rọ tí nọ́ọ̀sì fi ń yẹ ìfúnpá wò.

Mi ò sì gan ewé àti egbò. Wòlíì Àìsáyà lo èso ọ̀pọ̀tọ́ fún oówo Ọba Hesekáyà. Artemisinin tó wà nínú oògùn ibà tí a ń lò lónìí, láti ara ewé kan nílẹ̀ Ṣáínà ni Tu Youyou àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ti yọ ọ́, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2015 nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n dán an wò lára àwọn aláìsàn, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, kí ó tó di oògùn gbogbo ayé.

Kí ni kí á wá ṣe? Bíbélì sọ fún wa pé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tí Ísírẹ́lì bá àwọn ará Gíbéónì dá májẹ̀mú ni àṣírí tú. Ọjọ́ mẹ́ta péré! Nítorí náà, ìpolówó tó bá ní dandan ni kí ẹ rà á lónìí, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì bèèrè lọ́wọ́ dókítà tàbí apòògùn tí kò ní jèrè nínú ọjà náà. Ẹ má ṣe pa oògùn yín tì láìjẹ́ pé ẹni tó kọ ọ́ fún yín mọ̀ sí i. Ohun tí ẹ kò tíì mọ òtítọ́ rẹ̀, ẹ má ṣe fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, nítorí kì í ṣe ọkùnrin inú fídíò ni Ìyá gbà gbọ́, èmi ni ó gbà gbọ́. Ẹ̀yin pásítọ̀ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí á máa yẹ ẹ̀rí wò kí a tó gbé e dé orí pẹpẹ.

Bí ẹ bá sì ti ṣubú sínú rẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtìjú pa yín lẹ́nu mọ́. Lẹ́yìn tí mo ti lọ dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá àti àwọn ọmọ rẹ̀, mo dìde ní ọjọ́ ìsinmi kan, mo jẹ́rìí nínú ìjọ pé àgbo tí mo polówó kò ṣiṣẹ́, àti ohun tó ti dá sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó pariwo Halelúyà. Ṣùgbọ́n bí ìsìn ṣe parí, ènìyàn mẹ́ta wá bá mi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn náà ti rà á. Ọ̀kan nínú wọn ṣì ń mu ún, kò sì tíì padà sídìí oògùn rẹ̀. A jọ lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ kejì.

Àdúrà: Olúwa, ẹ dárí jì wá níbi tí a ti fi ẹnu wa ṣi ẹlòmíràn lọ́nà. Ẹ fún ẹni tó ń ṣàìsàn ní sùúrù, ẹ fún ẹni tí kò ní owó oògùn ní olùrànlọ́wọ́, kí ẹ sì là wá lójú láti mọ búrẹ́dì tó hùkàsì kí á tó fi sẹ́nu. Ní orúkọ Jésù Kírísítì Olúwa wa. Àmín.