Gíga Kì í Ṣe Ẹ̀gbẹ́

Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé ni ó gbà pé kò sí ohun kan nínú trapísíọ̀mù ju òfin tí a ń há sórí nítorí ìdánwò lọ. Èrò yìí kò tọ̀nà. Òfin náà kúrú lóòótọ́: a ó ro ẹ̀gbẹ́ méjì tí wọn kì í pàdé pọ̀, a ó dá àròpọ̀ wọn sí méjì, a ó sì fi gíga sọ ọ́ di púpọ̀. Ṣùgbọ́n inú ọ̀rọ̀ kékeré nì, gíga, ni gbogbo ẹjọ́ náà wà. Ẹni tí ó bá ṣì í lò lè rẹ́ ọmọnìkejì rẹ̀ jẹ láìmọ̀.

Nínú ìwé ìṣirò tí Ahmes, akọ̀wé ará Íjíbítì, dà kọ ní nǹkan bí 1550 ọdún ṣáájú ìbí Kristi, a rí ilẹ̀ kan tí ó dàbí onígun mẹ́ta tí a gé ṣóńṣó orí rẹ̀ kúrò. Ìdí rẹ̀ jẹ́ 6, ojú ibi tí a gé jẹ́ 4, ìwọ̀n kejì sì jẹ́ 20. Ahmes ro 6 mọ́ 4, ó mú ìdajì rẹ̀, 5, ó sì fi sọ 20 di púpọ̀: 100. Òfin ti òní gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n ṣé gíga ni 20 náà, tàbí ẹ̀gbẹ́ tí ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́? Àwọn ọ̀mọ̀wé ti jiyàn púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ tí Ahmes lò níbẹ̀.

Ìjiyàn náà kì í ṣe eré. Ní tẹ́ńpìlì Edfu, tí a bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ní ọdún 237 ṣáájú ìbí Kristi, a kọ ìwọ̀n oko púpọ̀ sára ògiri. Ìdajì àròpọ̀ ẹ̀gbẹ́ méjì tí ó kọjú síra ni wọ́n fi ń sọ ìdajì àròpọ̀ méjì yòókù di púpọ̀. Ó rọrùn: kí a sáà ti fa okùn yí oko ká, iṣẹ́ bùṣe!

Ẹ jẹ́ kí a fi oko kan dán an wò, tí ìdí rẹ̀ jẹ́ 10, tí orí rẹ̀ jẹ́ 4, tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tí ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sì jẹ́ 5. Òfin Edfu yóò fún wa ní 7 lọ́nà 5, èyí tí í ṣe 35. Ṣùgbọ́n ìdí fi 3 yọ ju orí lọ ní apá kọ̀ọ̀kan. Bí a bá mú 9 kúrò nínú 25, 16 ni yóò kù, gíga oko náà sì jẹ́ 4. Nítorí náà 28 ni ilẹ̀ náà. Bí ọba bá ń gba owó-orí lórí ìwọ̀n ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Herodotus ti kọ nípa Íjíbítì, àgbẹ̀ yìí yóò máa san owó lórí 7 tí kò lè gbin ẹyọ àlìkámà kan sí.

Àwọn kan ń gbèjà òfin náà pé ọ̀pọ̀ oko Edfu ni igun wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, àti pé àṣìṣe ibẹ̀ kéré. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àṣìṣe tí ó ń dín lónìí tí ó sì ń lé lọ́la ni a lè fojú fò. Èyí kì í dín láé, lílé ni ó ń lé. Kí olùkọ́ tó kọ òfin trapísíọ̀mù sójú pátákó, ó yẹ kí ó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí pápá pẹ̀lú okùn àti èèkàn, kí wọ́n wọn ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n wọn gíga, kí ojú wọn sì rí èyí tí ó gùn jù.