Ẹ Má Jẹ́ Kí Ìbẹ̀rù Pa Ẹnu Onímọ̀ Mọ́: Ẹ̀bẹ̀ láti Òsí àti Ìlọ́fà

Sí Ọlọ́lá jùlọ, Gómìnà Ìpínlẹ̀ Kwara. Sí Mínísítà ètò ìrìnnà. Àti sí àwọn aṣòfin wa ní Ìlọrin àti Àbújá.

 

Rélùwéè kò dé ìjọba ìbílẹ̀ Ekiti wa ní Kwara, kò dé Òkè-Ẹ̀rọ̀. Ará Òsí, Ìlọ́fà tàbí Odò-Ọwá tó bá fẹ́ rí ojú irin, Ọ̀fà ni yóò kọ́kọ́ lọ. Ẹnì kan lè bi wá pé kí ló wá kàn wá níbẹ̀. Àwọn ọmọ wa wà l'Ékòó. Wọ́n ń kọjá lórí irin lójoojúmọ́ kí wọ́n tó dé ibi iṣẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 2023, bọ́ọ̀sì kan kó àwọn òṣìṣẹ́ Ìpínlẹ̀ Èkó lọ sí ibi iṣẹ́. Ní PWD, lágbègbè Ṣógúnlẹ̀, níbi tí títì ti ré ojú irin kọjá, ọkọ̀ ojú irin kọ lù ú, ó sì wọ́ ọ lọ. Èèyàn kú, ọ̀pọ̀ sì fara pa. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì náà ni gbogbo ẹnu kọ́kọ́ dá lẹ́bi, ó sì lè jẹ̀bi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lójú irin ló mọ ibi tí kò ní géètì, ó mọ ibi tí ọlọ́jà pàtẹ sí títí kan irin, ó mọ ibi tí ọlọ́kadà kì í ti í dúró. Ohun tí kò mọ̀ ni ohun tí ọ̀gá yóò fi ojú rẹ̀ rí bí ó bá sọ ọ́ síta. Òfin iṣẹ́ ọba kò gbà kí òṣìṣẹ́ bá oníròyìn sọ̀rọ̀ láìgbàṣẹ.

Ewu náà kò mọ sí Èkó nìkan. Ojú irin àtijọ́ tó gba Ọ̀fà àti Ìlọrin kọjá, Jẹ́bà ló ti ń sọdá Odò Ọya lọ sí Mokwa. Ní òru ọjọ́ 28 mọ́jú ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, òjò ńlá rọ̀ níbẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ròyìn pé omi gbára jọ sẹ́yìn òkìtì tí wọ́n to irin lé, àwọn kọ́lífáàtì abẹ́ rẹ̀ kò sì gbà á mọ́. Nígbà tí òkìtì náà já, omi ya wọ inú ilé àwọn tó ń sùn. Òkú tí wọ́n kà lé ní 150. Ọdún 1909 ni irin yẹn ti dé Jẹ́bà. Òjò ti ìgbà náà kọ́ là ń rí báyìí. Ta ló ti tún àwọn ihò omi wọ̀nyẹn wọ̀n, kí ló sì kọ sínú ìwé? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìwé náà hàn wá.

Ọdún tó ṣáájú òjò Mokwa yẹn, kí dáàmù Alau tó ya ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án, tí omi bo Maiduguri, àwọn aláṣẹ ti ń fi ọkàn ará ìlú balẹ̀ pé kò séwu. Irú ìfọ̀kànbalẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń bà wá lẹ́rù jù.

A nílò òtítọ́ lóko náà. Àwa tí à ń gbin iṣu àti àgbàdo mọ bí òjò ṣe ń tan ni. Á rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ilẹ̀ á tutù, àgbẹ̀ á ju àgbàdo sílẹ̀. Oòrùn á wá gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, irúgbìn á gbẹ mọ́ ebè. Ẹnu NiMet, àjọ ojú ọjọ́ Nàìjíríà, là ń wò lọ́dọọdún. A fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ bí ó ṣe rí, ìbáà dùn létí aláṣẹ, ìbáà má dùn.

Ní ilẹ̀ òkèèrè pàápàá, wọ́n ti fúngun mọ́ onímọ̀ ojú ọjọ́ rí. Ní Amẹ́ríkà, James Hansen ti NASA kígbe síta ní 2006 pé wọ́n fẹ́ dí òun lẹ́nu nítorí pé òun ń kìlọ̀ pé ayé ń gbóná. Ọdún kejì, gómìnà Oregon fẹ́ gba orúkọ oyè lọ́wọ́ George Taylor, onímọ̀ ojú ọjọ́ ìpínlẹ̀ náà, nítorí pé Taylor kò gbà pé ọwọ́ ọmọ ènìyàn ló fa èyí tó pọ̀ jù nínú ìgbóná náà. Lójú tiwa, Hansen ló gba òtítọ́ sọ. Síbẹ̀, onímọ̀ ẹgbẹ́ Taylor ló yẹ kó fi ẹ̀rí dá a lóhùn, kì í ṣe gómìnà. Bí a bá gbà kí aláṣẹ pa ẹnu ẹni tó ṣìnà mọ́, kò ní pẹ́ tí yóò fi kan ẹni tó tọ̀nà.

Ní Nàìjíríà níbí, òfin tó dára wà nílẹ̀. Abala 27 òfin òmìnira ìròyìn ọdún 2011 dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá tú àṣírí ohun tó lè ṣe ará ìlú ní jàǹbá. Mélòó nínú àwọn òṣìṣẹ́ ni ẹ ti sọ fún? Ètò ìtanilólobó ọdún 2016, owó tí wọ́n jí kó ló gbájú mọ́: ẹni tó ta ìjọba lólobó ní ìpín nínú owó tí wọ́n bá gbà padà. Ẹni tó ta wá lólobó nípa irin tó ti dógùn-ún ńkọ́?

A dúpẹ́ pé òfin ti fún àjọ NSIB lágbára láti wádìí ìjàǹbá ọkọ̀ ojú irin, ó sì yá lọ́wọ́ wọn láti gbé èsì àkọ́kọ́ jáde lẹ́yìn tí ọkọ̀ Àbújá sí Kàdúná yẹ̀ lórí irin ní Asham ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025. Ẹ jẹ́ kí irú èsì bẹ́ẹ̀ máa jáde ní èdè Yorùbá àti Haúsá pẹ̀lú, kí ẹ sì sọ èyí tí ẹ ti ṣe nínú àwọn ìmọ̀ràn wọn àti èyí tí ẹ kò tíì ṣe.

Ẹ̀yin aṣòfin, ẹ ṣe òfin tí kò ní jẹ́ kí wọ́n lé òṣìṣẹ́ tó kìlọ̀ ewu kúrò lẹ́nu iṣẹ́, tàbí kí wọ́n gbé e lọ sí ọ̀nà jíjìn fi jẹ ẹ́ níyà. Ọlọ́lá Gómìnà, ẹ bá wa bá ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ kí géètì àti ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ wà níbi gbogbo tí títì ti ré irin kọjá ní Ọ̀fà àti Ìlọrin, kí wọ́n sì kó ìdọ̀tí inú àwọn kọ́lífáàtì kúrò kí òjò tó ń bọ̀ tó dé. Bí wọ́n bá ti ṣe é tán, ẹ jẹ́ kí ẹnjiníà tó ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ fúnra rẹ̀ wá sọ ohun tó rí lórí Radio Kwara, láìsí ọ̀gá tí yóò máa wò ó lójú. À ń retí èsì yín.

Àwa ọmọ yín ní Ekiti àti Òkè-Ẹ̀rọ̀