Ọ̀fìnkìn Port Harcourt Kọjá Oògùn

Láti ìparí ọdún 2016 ni èéfín dúdú ti ń bà sórí òrùlé, aṣọ tí wọ́n sá àti ilẹ̀ inú ilé ní Port Harcourt. Síbẹ̀, ẹni tí imú rẹ̀ ń dí, tó ń sín láti òru mọ́jú, tí iwájú orí ń fọ́, ìmọ̀ràn kan ló sábà máa ń gbọ́: kó lọ ra oògùn. Ìmọ̀ràn náà kò tó.

Òótọ́ ni pé kò sí ìlú tí kò ní ẹni tí ara rẹ̀ kì í gba eruku tàbí aáyán. Àmọ́ èéfín máa ń ta awọ inú imú, ó sì ń dá kún wàhálà ẹni tí eruku ti ń yọ lẹ́nu tẹ́lẹ̀. Awọ náà á wú, á dí ojú ihò tóóró tí ikun ń gbà jáde láti inú egungun ojú. Ikun á sé síbẹ̀, ojú á wúwo, orí á máa fọ́; èyí ni wọ́n ń pè ní sínọ́ọ̀sì.

Bí wọ́n bá dé ṣọ́ọ̀bù olóògùn, oògùn apakòkòrò ni ọ̀pọ̀ ń béèrè, bẹ́ẹ̀ fáírọ́ọ̀sì tí oògùn yẹn kò ràn ló sábà ń fa sínọ́ọ̀sì tó bá dé lójijì. Oògùn tí wọ́n ń kán sí imú kó lè là, bó bá ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, òun gan-an lè máa dí imú. Fífi omi iyọ̀ fọ imú, tó jẹ́ omi sísè tó ti tutù, sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí èèyàn sì rí dókítà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe gbogbo èyí, afẹ́fẹ́ kan náà ni yóò mí lọ́la.

Ibi tí èéfín ti ń wá kò ṣókùnkùn: kpo-fire tí wọ́n fi ń fọ epo rọ̀bì nínú igbó, epo tí agbófinró gbà tí wọ́n dáná sun, àti gáàsì tí iléeṣẹ́ epo ń sun, èyí tí òfin ọdún 1979 ní kó dópin ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1984. Àwọn ará ìlú wọ́de lórí èéfín yìí lọ́dún 2018. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, Nyesom Wike, tó jẹ́ gómìnà ìpínlẹ̀ Rivers nígbà náà, ní kí àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ wá ibùdó ìfọpo náà rí. Àṣẹ tó ń dé lẹ́yìn ariwo nìkan kò lè fọ afẹ́fẹ́ mọ́.

A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Kí ìjọba Rivers máa wọn afẹ́fẹ́ lójoojúmọ́, kó sì máa kéde rẹ̀ lórí rédíò. Kí agbófinró má dáná sun epo mọ́. Kí ẹni tó ń sun gáàsì san gbèsè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ imú ará Port Harcourt, ọ̀rọ̀ ìjọba ni.