Ọ̀RỌ̀ ILÉ ÀTI TI ÌLÚ: Ọkọ̀ Mẹ́wàá tí a Fi Ta Ilẹ̀ Niger Lọ́rẹ

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a tún gbé yẹ̀wò nísinsìnyí tí ara ti balẹ̀, nítorí pé nígbà tí ó ṣẹlẹ̀, ariwo ni ó pọ̀ ju àròjinlẹ̀ lọ. Èyí ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mẹ́wàá tí Ìjọba Àpapọ̀ ilẹ̀ wa Nàìjíríà rà fún ìjọba ilẹ̀ Niger ní ọdún 2022, nígbà tí ìdìbò ọdún 2023 ti ń kan ilẹ̀kùn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì wá gbọ́: kì í ṣe ìpínlẹ̀ Niger tí Minna jẹ́ olú-ìlú rẹ̀ ni a ń wí, bí kò ṣe orílẹ̀-èdè tí ó bá wa pààlà ní ìhà àríwá, tí olú-ìlú rẹ̀ ń jẹ́ Niamey.

Ní oṣù kejì ọdún náà ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fi ọwọ́ sí i pé kí a ná 1,145,000,000 naira lórí ọkọ̀ Toyota Land Cruiser mẹ́wàá, kí a sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí aládùúgbò wa. A kò ka ọ̀rọ̀ náà sí etí ìlú. Oṣù kẹta kọjá, ẹ̀ẹ̀rùn lọ, òjò dé, kò sí ẹni tí ó sọ fún àwọn tí ó ni owó pé a ti ná an. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ ni ìwé àṣẹ náà tó bọ́ sí gbangba, tí àwọn oníròyìn sì bi Mínísítà fún ètò ìnáwó, Ìyáàfin Zainab Ahmed, léèrè. Ó dáhùn pé òtítọ́ ni. Ó ní kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí Nàìjíríà ń ran àwọn tí ó bá a pààlà lọ́wọ́ kí wọ́n lè ṣọ́ ilẹ̀ wọn. Ó ní Ààrẹ ni ó wo ohun tí ó yẹ. Ó sì fi kún un pé bí àwọn ará ìlú tilẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè, òun fúnra òun kò lè bi Ààrẹ léèrè ìpinnu rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi gbólóhùn ìkẹyìn yìí sí ọkàn, nítorí pé a ó padà bá a.

Ẹ rántí bí àkókò náà ti rí. Ní oṣù kejì kan náà tí a fi ọwọ́ sí owó ọkọ̀ ni àwọn olùkọ́ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì wọn, ní ọjọ́ kẹrìnlá, wọn kò sì padà sẹ́nu iṣẹ́ títí di ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni àwọn ọmọ wa ti Ìbàdàn, ti Ilé-Ifẹ̀ àti ti Akọka fi jókòó sílé. Òmíràn nínú wọn lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, òmíràn ń bá ìyá rẹ̀ tajà, òmíràn sì wà tí àwọn òbí rẹ̀ kò mọ ibi tí ó ń lọ mọ́ bí ilẹ̀ bá ti mọ́. Ní ti ọjà, iye owó ohun gbogbo ní oṣù kẹjọ ọdún náà fi ìdá 20.52 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti oṣù kẹjọ ọdún tí ó ṣáájú rẹ̀. Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù keje ni ìforúkọsílẹ̀ àwọn olùdìbò parí, lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fi òwúrọ̀ wọn dúró lórí ìlà. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn èyí ni Mínísítà sọ ọ̀rọ̀ tí a kọ sókè yìí. Àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé agbára wà ní ọwọ́ wọn ni a tún ń sọ fún pé ọ̀gá nìkan ni ó mọ ìdí.

A ti jókòó ṣe ìṣirò owó náà. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 114,500,000 naira. Owó oṣù òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù lọ lábẹ́ òfin nígbà náà jẹ́ 30,000 naira. Bí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1704, tí kò jẹ, tí kò mu, tí kò san owó ilé, tí kò sì rán ọmọ kankan lọ sí ilé-ìwé, ọdún 2022 ni owó rẹ̀ ì bá tó ra ọ̀kan péré nínú mẹ́wàá náà.

Ṣùgbọ́n òtítọ́ kò ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ni a kò sì fẹ́ kí àwọn òǹkàwé wa di ẹni tí àwọn olóṣèlú ń fi ìṣirò ẹnu tàn jẹ. Ní àkókò ìpolongo ìbò náà, a gbọ́ ọ ní ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn pé owó ọkọ̀ wọ̀nyí ni ì bá parí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Owó tí ìjọba bá àwọn olùkọ́ fi ẹnu kò lé lórí ní ọdún 2013 láti tún àwọn yunifásítì ṣe jẹ́ 1.3 tírílíọ̀nù naira. Owó ọkọ̀ mẹ́wàá kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún rẹ̀. Ètò ìnáwó Ìjọba Àpapọ̀ fún ọdún 2022 lé ní 17 tírílíọ̀nù. Bí a bá pín in sí 15,000 naira, naira kan ṣoṣo ni ó lọ sí ilẹ̀ Niger. Ẹni tí ó bá wí pé naira kan yìí ni ó sọ wá di òtòṣì, afẹ́fẹ́ ni ó ń tà.

Àwa kò sì sí lẹ́yìn àwọn tí ń wí pé kí ni ilẹ̀ Niger jẹ́ fún wa. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hùrù-hẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ní ọdún 2015, a sún ìdìbò wa síwájú láti ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì di ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta nítorí ogun Boko Haram. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà, nígbà tí a gba ìlú Damasak ní ìpínlẹ̀ Borno padà, àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Chad àti ti ilẹ̀ Niger ni ó gbà á. Ọmọ ẹlòmíràn kú sórí ilẹ̀ wa kí a tó lè dìbò. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Nàìjíríà tí ogun lé kúrò nílé ni ó sì rí ibi sùn ní Diffa àti ní Maradi, láàárín àwọn tí kò rí jẹ tó àwa fúnra wa. Nígbà tí Ààrẹ Buhari wí ní ọdún 2021 pé òun ní ìbátan ní ìhà kejì ààlà, àwọn kan fi í rẹ́rìn-ín. Yorùbá ni ó yẹ kí ó rẹ́rìn-ín kẹ́yìn, nítorí pé ààlà tí àwọn òyìnbó fà kan náà ni ó sọ Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ di ará ilẹ̀ Benin, tí a sì ní ìyekan níbẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n bí a bá ń lọ kí ìyekan wa ní Kétu, àpò ara wa ni a ń tọwọ́ bọ̀.

Níbo ni ẹ̀bi náà wá wà? Ẹ jẹ́ kí a fi í wé ohun tí gbogbo yín mọ̀. Ẹ̀yin ìyá tí ń dá àjọ lọ́jà mọ̀ pé alájọ kọ́ ni ó ni owó, olùpamọ́ ni. Bí ó bá pàdé aládùúgbò tí ojú ń pọ́n, tí ó sì yọ nínú owó àjọ ṣàánú fún un, àánú náà dára, ṣùgbọ́n owó ta ni? Bí ìyá kan bá sì mú káàdì rẹ̀ wá ní òpin oṣù, tí akọ̀wé alájọ wí fún un pé, "Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè, Mà, ṣùgbọ́n èmi kò lè bi ọ̀gá mi léèrè," ǹjẹ́ ìyá náà yóò dákẹ́ lọ sílé bí? Gbogbo ọjà ni yóò gbọ́ lọ́jọ́ náà.

Ní ti owó ìlú, ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé alájọ tiwa ti jẹ gbèsè. Mínísítà kan náà ni ó fi hàn ní oṣù keje ọdún 2022 pé láti oṣù kìn-ín-ní dé oṣù kẹrin, 1.63 tírílíọ̀nù naira ni Ìjọba Àpapọ̀ rí kó jọ, ṣùgbọ́n 1.94 tírílíọ̀nù ni ó fi san gbèsè. Gbogbo ohun tí ó wọlé kò tó èyí tí àwọn olówó ń dúró dè ní ẹnu ọ̀nà, kí a tó sọ̀rọ̀ owó oṣù òṣìṣẹ́ tàbí ti oògùn ilé ìwòsàn. Ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni à ń wò. Aṣọ tí ó wà ní ọrùn ìjọba wa ní oṣù náà, aṣọ àyálò ni. Ìwé Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní abala 80, sì ti là á sílẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ fa owó yọ nínú àpò gbogbogbòò bí kò ṣe lọ́nà tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin bá là sílẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí a bi Mínísítà léèrè, ọgbọ́n Ààrẹ ni ó tọ́ka sí.

Kì í ṣe pé a kò mọ bí a ti í ṣe é. Ní ọdún 1976, nígbà tí ìjọba ológun wà lórí oyè, a dá àpò ìrànwọ́ sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn gúúsù ilẹ̀ Áfíríkà tí ń bá ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà jìjàkadì. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dá owó láti inú owó oṣù wọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà sì dá tiwọn. Olúkúlùkù mọ iye tí òun dá àti ìdí tí òun fi dá a. Ní ọdún 1987, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí jẹ́ Mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, a bẹ̀rẹ̀ sí í rán àwọn dókítà, olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì wa lọ ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì méjì ní àwọn ilẹ̀ tí kò ní tó. A sì fi òfin gbè é lẹ́sẹ̀ ní ọdún 1993. Ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ Yorùbá ni ó ní ọmọ tí ó lọ nínú ètò náà, tí inú wọn sì ń dùn láti sọ ọ́.

Ẹ tún wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òfin wọn ti ọdún 2015 wí pé ìdá 0.7 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó tí ń wọlé fún orílẹ̀-èdè wọn lọ́dún ni kí a máa fi ran ilẹ̀ òkèèrè lọ́wọ́. Nígbà tí àrùn Kòrónà dá gbèsè sí wọn lọ́rùn, ìjọba fẹ́ dín in kù sí 0.5. A kò gbóríyìn fún ìpinnu náà, ṣùgbọ́n ojú gbangba ni wọ́n ti ṣe é: ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù keje ọdún 2021, a gbé e síwájú ilé aṣòfin, àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ìjọba fúnra wọn dìde ta kò ó, a sì ka ìbò. 333 gbà á, 298 kọ̀ ọ́. Ará ìlú wọn lè ka orúkọ ẹni tí ó ń ṣojú fún òun kí ó sì mọ ìhà tí ó dúró sí.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e ní tiwa bani nínú jẹ́. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù keje ọdún 2023, kí ọdún kan tó pé tí Mínísítà sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Niger lé Ààrẹ wọn, Mohamed Bazoum, kúrò lórí oyè. Àjọ ECOWAS pàṣẹ pé kí a ti ààlà. Nàìjíríà sì já iná mànàmáná tí ó ń fún wọn. Àwọn tí ó ń kó alùbọ́sà láti òkè, àti àwọn tí ó ń kó ọjà láti ìsàlẹ̀ lọ sí Maradi, dúró ní Jibiya pẹ̀lú ẹrù wọn. Ó di oṣù kẹta ọdún 2024 kí Nàìjíríà tó ṣí ẹnubodè padà, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025 ni ilẹ̀ Niger sì jáde pátápátá kúrò nínú ECOWAS. Ọ̀rẹ́ tí ìjọba bá ìjọba ṣe ní ìkọ̀kọ̀ kò mú ìyà kankan kúrò lórí àwọn oníṣòwò wọ̀nyí, tí wọ́n ti jẹ́ ọ̀rẹ́ ara wọn kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan Land Cruiser.

Nítorí náà, ẹ̀yin baálé àti ẹ̀yin ìyá, nígbà tí àwọn tí ń wá ìbò yín bá dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìrẹsì àti aṣọ, ẹ má ṣe bi wọ́n léèrè pé ṣé wọn kò ní fún aládùúgbò ní nǹkan. Ìbéèrè òǹrorò ni. Ẹ bi wọ́n pé: ẹ̀bùn tí ẹ ó bá fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ òkèèrè, ṣé ẹ ó kọ orúkọ rẹ̀ àti iye rẹ̀ sínú ètò ìnáwó kí ó tó jáde kúrò ní àpò wa? Ẹni tí ń wá ipò aṣòfin ni kí ẹ kọ́kọ́ bi, nítorí pé òun ni ó ní àṣẹ láti bi Ààrẹ léèrè, yálà Mínísítà lè ṣe bẹ́ẹ̀ tàbí kò lè ṣe é.

Ọ̀rọ̀ ojú irin tí a là láti Kánò dé Maradi, tí ìjọba fi ọwọ́ sí ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020 fún 1.959 bílíọ̀nù dọ́là, tóbi ju ohun tí ààyè tí ó kù fún wa lórí ìwé yìí lè gbà lọ. A ó gbé e yẹ̀wò lọ́tọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mìíràn.